Ìṣẹ́tí Iwájú Gáùn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń wọ ilé àwọn èèyàn rere, kó wá bi Jẹ́jẹ́ aránṣọ. Kò jókòó gbèrò rẹ̀. Èébì ló gbé e, ìyá ọkọ rẹ̀ pariwo ayọ̀, òun náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Jẹ́jẹ́ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti rán ẹ̀wù mẹ́ta tán, òun á ṣì wà lórí ọrùn ẹyọ kan, á máa tú u, á máa tún un rán. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yìí kan náà ló sì fi ọgbọ́n fà á mọ́ ọmọkùnrin òun nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, ó ní irú ọwọ́ báyìí kò gbọdọ̀ bọ́ sílé ẹlòmíì. Bí Ọ̀gá àná ṣe di Màmá nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni àwọn méjèèjì ṣì ń jókòó sí, máṣíìnì méjì kọjú síra, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín. Ọkọ Jẹ́jẹ́ ń tún fíríìjì ṣe. Ìlú mìíràn ló wà lásìkò tí à ń wí yìí, níbi tí wọ́n ti gbéṣẹ́ ilé ẹja dídì ńlá kan fún un.

Láti ìgbà ọmọge Jẹ́jẹ́ ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Á wá lóṣù yìí, á di àwátì fún ìgbà pípẹ́, á wá padà dé bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú, tí kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Jẹ́jẹ́ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irun tó ń hù sí i lágbọ̀n náà, kò sọ. Láràárọ̀, á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á fi réésà fá a, á fọ réésà náà, á fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń kan ilẹ̀kùn pé, "Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ fi omi bó awọ ni?" Òun á rẹ́rìn-ín nínú, á ní, "Mò ń bọ̀." Àgbọ̀n á máa ta á. Ọdún márùn-ún rèé tí wọ́n ti ń retí ọmọ, ọkùnrin náà kò sì mọ̀ pé aya òun ń fá irùngbọ̀n.

Ẹja inú agolo tó ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó bì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Màmá bá a níbẹ̀, ó dì í mú léjìká, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Mà."

"Ó pẹ́ bíi ti báwo?"

"Ó ti lé lóṣù mẹ́ta."

Igbe tí Màmá ké lọ́jọ́ yẹn, onídìrí tó wà lódìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Rédíò là ń pe onídìrí yìí, ẹ sì ti mọ ìdí. Ó fi orí oníbàárà sílẹ̀ lábọ̀, ó sáré sọdá tòun ti òòyà lọ́wọ́. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú!" ni Màmá dáhùn. "Èèyàn ló ń bọ̀!"

Ká má purọ́ mọ́ Jẹ́jẹ́, ní ọjọ́ yẹn òun náà gbà á gbọ́. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó jókòó sórí ìdì aṣọ, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá ti pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, Rédíò sì ti ròyìn rẹ̀ dé ìdí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Jẹ́jẹ́ nìkan lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi nǹkan tútù pa á níkùn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó gbé gíláàsì ojú lé orí irun ló pè é wọlé.

"Ẹ jókòó, màdáámù. Kò sóyún níbí o. Ẹ má bínú." Ó wo ìwé àyẹ̀wò. "Ṣé nǹkan oṣù yín máa ń fò ni?"

"Ó máa ń fò, Mà."

"Irun ńkọ́? Ṣé ó máa ń hù síbi àgbọ̀n?"

Jẹ́jẹ́ yára fi ọwọ́ bo àgbọ̀n rẹ̀. Ó ti fá a láàárọ̀. Ó rò pé kò sẹ́ni tó lè rí i. Dókítà wo ọwọ́ náà. Ó yí àwòrán inú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ilé ẹyin obìnrin jẹ́ méjì, ọ̀tún àti òsì, ó sì yẹ kí ẹyin kan máa gbó kó sì jáde lóṣooṣù. "Tiyín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, àmọ́ wọn kì í parí ẹ̀, wọn kì í jáde. Àwọn àpò kéékèèké tó tò yí etí ibí yìí ká, àwọn nìyẹn." Ó ní họ́mọ́ọ̀nù kan, èròjà inú ẹ̀jẹ̀, wà tó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin, gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀, tirẹ̀ ló ti pọ̀ jù. Òun ló ń hu irun, òun ló ń da nǹkan oṣù rú, òun ni kì í jẹ́ kí oyún tètè dúró. Ó ní àìsàn náà wọ́pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, PCOS ni wọ́n máa ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí.

"Mo ní oyún máa ń ṣòro o. N ò ní kò lè ṣẹlẹ̀. Oògùn wà tó ń jẹ́ kí ẹyin jáde. A máa yẹ ṣúgà ara yín wò, ẹ máa rìn dáadáa, ẹ dín nǹkan dídùn kù, ẹ máa sinmi. Ẹ mú ọkọ yín wá, ká yẹ òun náà wò. Ọ̀pọ̀ tó ní irú èyí ló ti bímọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ rere yìí, etí kan ló gbà wọlé, etí kejì ló gbà jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró sí Jẹ́jẹ́ lọ́kàn: ọkùnrin. Bó ṣe ń rìn padà, ó dà bíi pé gbogbo ẹni tó ń pàdé ló ń wò ó, tí wọ́n ń sọ nínú ara wọn pé ọkùnrin kan ló ń lọ yẹn nínú síkẹ́ẹ̀tì. Ojú tì í fún ara tó gbé wọ̀. Ojú tì í fún ọdún márùn-ún. Àmọ́ ó ti pinnu pé òun máa sọ fún Màmá bí òun bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó débẹ̀. Màmá ti gé gáùn aláboyún.

Aṣọ rírọ̀, aláwọ̀ ewé, tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí tipẹ́tipẹ́, tí Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun. "Wá wò ó," ló wí. "Mo fi ìka mẹ́rin mú iwájú gùn ju ẹ̀yìn lọ. O rántí ohun tí mo kọ́ ẹ? Bí ikùn bá ń yọ, iwájú aṣọ á máa ká sókè. Tí o bá gé e dọ́gba, ojúgun aláboyún á wà níta tó bá yá. Tìrẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀." Ó gbójú sókè. Jẹ́jẹ́ ò tíì rí i kí ojú yẹn tàn bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó pàápàá. "Kí ni dókítà wí?"

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. "Wọ́n ní kí n máa sinmi, Mà. Kí n máa rìn dáadáa."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn yẹn tí dókítà ò sọ. Irọ́ ni látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú ń tì í ṣáá. Màmá gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ lọ aṣọ mọ́. Màmá tí orúnkún ń dùn ló ń tẹ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, ó gbé máṣíìnì oníná fún Jẹ́jẹ́. Màmá ló ń gbé omi. Bí oníbàárà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí bọ́tìnnì, Màmá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe òun nìkan." Ọkọ rẹ̀ á pè lálaalẹ́, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́?" Jẹ́jẹ́ á ní, "A wà dáadáa." Lẹ́yìn náà á gbé fóònù sílẹ̀, á dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn.

Láràárọ̀ ló ń sọ pé òun máa sọ ọ́ lónìí. Ó tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan pé kí òun ṣáà sọ pé oyún náà ti wálẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́: ṣé irọ́ ló tún fẹ́ máa fi sin irọ́? Kì í ṣe pé kí wọ́n lé òun jáde ló ń bà á lẹ́rù jù. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kí Màmá wo òun bó ṣe máa ń wo aṣọ tí kò dára, á kàn fi ìka méjì gbé e, á sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní bú u, kò sì ní tún gbé e mọ́.

Gáùn náà parí. Màmá wọ̀ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró síbi tó yẹ. Iwájú rẹ̀ wọ́ lọ dé orí ẹsẹ̀, nítorí kò sí ohun tó gbé e sókè. "Fara balẹ̀," ni Màmá wí, "á kún un láìpẹ́."

Ẹ wá wo àṣìṣe tó jẹ́ pé aránṣọ nìkan ló lè ṣe é. Ẹlòmíì á máa ká iwájú gáùn náà sókè bó bá ń rìn, á sì dákẹ́. Àmọ́ Jẹ́jẹ́ ò lè rí ìṣẹ́tí tó wọ́ kó sì gbójú fò ó. Bó bá ti bojú wolẹ̀, á rí i, ara rẹ̀ á máa yún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá jáde lọ ra òwú àti síìpù. Jẹ́jẹ́ bọ́ gáùn náà, ó tú ìṣẹ́tí rẹ̀, ó gé ìka mẹ́rin náà kúrò, ó tún un ṣẹ́ dọ́gba. Ó ṣe é débi pé ojú abẹ́rẹ́ kò hàn. Ó gbé e wọ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ó rí nǹkan kan tó gún régé. Àfi bíi pé ẹnìkan gba ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Màmá wọlé, ó kó òwú sílẹ̀, ó ní, "O ṣeun tí o ṣọ́ ṣọ́ọ̀…" Ojú rẹ̀ bọ́ sí ìṣẹ́tí gáùn náà. "Rìn lọ síbi ilẹ̀kùn yẹn."

Jẹ́jẹ́ rìn lọ.

"Padà wá."

Ó padà wá. Màmá fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀, ó mú téèpù, ó wọn iwájú láti ìbàdí, ó wọn ẹ̀yìn. Ó tún un wọn.

"Ta ló gé ibí yìí?"

"Èmi ni, Mà. Ó… ó ń wọ́lẹ̀."

"Ó ń wọ́lẹ̀." Màmá ò gbójú sókè. "Aláboyún tí ikùn rẹ̀ ń ga, iwájú gáùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ìwọ wá gé e dọ́gba, o ò fi ohunkóhun sílẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀. Jẹ́jẹ́, èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́. Kò sí bí wàá ṣe gbàgbé ìyẹn, àfi tí o bá mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀."

Jẹ́jẹ́ wólẹ̀ síbẹ̀, àwọn méjèèjì wá jọ wà lórí orúnkún bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹja inú agolo, ilé ìwòsàn, àwọn àpò kéékèèké, nǹkan oṣù tí kì í wá. Nígbà tó kan irun àgbọ̀n, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Màmá ní láti tẹ́tí. "Mò ń fá a, Mà. Láràárọ̀. N ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

Màmá di tábìlì mú, ó dìde, ó jókòó sórí àga. "Mo ti sọ fún gbogbo ayé," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dun Jẹ́jẹ́ wọ egungun: "O jẹ́ kí n máa gbé omi fún ẹ."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Àìsàn ò bí mi nínú. Ṣé mo jọ ẹni tí àìsàn ń bí nínú ni? Ṣùgbọ́n kí o máa wò mí, kí n máa jó káàkiri bí aṣiwèrè, kí o sì dákẹ́!" Ó nu ojú. "Ọkọ rẹ mọ̀?"

"Kò mọ̀."

Màmá na fóònù sí i, ó jáde lọ dúró sí ìta kó má baà gbọ́. Ọkọ Jẹ́jẹ́ gbé e, ariwo ẹ̀rọ fíríìjì kún etí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ ní ṣókí, nítorí kò lágbára àlàyé gígùn mọ́.

"Ṣé ó máa ń dùn ẹ́ ni?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Kò dùn mí."

"Mò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. A jọ máa lọ rí dókítà yẹn." Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì dùn. "Màmá ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ yọjú wo ìta, ó rí Màmá tó kọ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù.

Màmá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi tiṣẹ́. "Mú àlùmọ́gàjí wá." "Òwú funfun yẹn." Ó gbé áyọ́ọ̀nù padà síwájú Jẹ́jẹ́ láìwò ó. Jẹ́jẹ́ ń lọ aṣọ, ó ń gbé omi, inú rẹ̀ ì bá dùn bí wọ́n bá nà án. Ìtìjú yẹn ò jẹ́ kó lè jẹun níwájú ìyá náà, ó ń gbé àwo rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ bíi mélòó kan lọ báyìí, òpin ọ̀sẹ̀ kò tíì dé. Ọ̀sán kan, tíṣà kan tó ń gbé ní òpópó kejì wá wọ aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ wò. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ ń fi píìnì sí etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà, Màmá ń wo apá. Ìgbà yẹn náà ni Rédíò wọlé pé òun wá yá abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló gbé e wá.

"Ìyá ọmọ wa!" ló kí. "Ikùn yìí mà ń tìjú wa o! Kò tíì yọ rárá! Jẹ́ n fọwọ́ kàn án wò." Ó ti ń na ọwọ́ bọ̀.

Jẹ́jẹ́ dojú bolẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti dé. Màmá máa sọ ọ́ báyìí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀," ni Màmá wí. "Kò sóyún. Èmi ni mo ṣì í wò. Ọmọ náà bì, mo bá fi igbe ta. Kò sọ fún mi pé òun lóyún rí, èmi ni mo ń sọ ọ́ kiri."

Ìyá yìí, tí oníbàárà bá ní apá kan gùn ju ìkejì lọ, á ní oníbàárà ni apá rẹ̀ kò dọ́gba. Kò gbà rí pé òun ṣì nǹkan kan gé.

Rédíò bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọ̀gá! Àgbà ti dé nìyẹn o! Aṣọ wa ńkọ́, ṣé ẹ ò ní rán apá mọ́ ọrùn fún wa báyìí?" Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, kò lè pa á mọ́ra. Màmá bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa gbé gíláàsì ojú ńlá wá fún mi." Àmọ́ Jẹ́jẹ́ tó wà nílẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tó di píìnì mú gírígírí.

Gbogbo ìtìjú tó ti ń jẹ ẹ́ látẹ̀yìn wá kò tó èyí. Ẹ̀rín tó tọ́ sí òun ni wọ́n ń fi ìyá náà rín.

"Màmá ò ṣì í wò," ló wí. Kò dìde. Ìsàlẹ̀ gáùn tíṣà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo purọ́ fún wọn. Mo ti mọ̀ láti ilé ìwòsàn pé kò sóyún, mo sì dákẹ́. Àìsàn ń ṣe mí. Ẹyin mi kì í jáde, nǹkan oṣù mi kì í wá, irun ń hù sí mi lágbọ̀n. Ojú ló tì mí. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́."

Rédíò la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde níbẹ̀, irú rẹ̀ ò sì ṣẹlẹ̀ rí. Tíṣà ń wo àjà. Ojú Jẹ́jẹ́ ń gbóná, ó ń retí kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, ilẹ̀ ò lanu.

Màmá to píìnì ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rédíò," ló wí, "mo mọ̀ pé o máa ròyìn ẹ̀, n ò ní kí o má ròyìn ẹ̀. Tí o bá ń ròyìn ẹ̀, sọ ọ́ tán. Sọ pé àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Sọ pé ó ní oògùn. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló ń ṣe, má sọ pé ìyàwó ọmọ Ọ̀gá. Sọ pé ọmọbìnrin Ọ̀gá ni."

Rédíò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," bí ọmọ ilé ìwé, ó jáde, kò gbé abẹ́rẹ́.

Jẹ́jẹ́ fẹ́ tẹ píìnì tó kù bọ aṣọ, kò rí ibi tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sí mọ́. Omi ojú rẹ̀ ń kán sí ìṣẹ́tí tíṣà, tó-tó-tó.

"Má sunkún sórí aṣọ oníbàárà," ni Màmá wí. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó gba píìnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣẹ́ ìyókù etí aṣọ náà fúnra rẹ̀.